Bí A Ṣe Ń Fi Áńtíbọ́dì Wá Collagen IV Nínú Ègé Kíndìnrín

Collagen IV ni púrótéènì inú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí àwọn túúbù kíndìnrín ká; áńtíbọ́dì, púrótéènì tó máa ń dì mọ́ ohun kan pàtó, la fi ń wá a. Bí kíndìnrín bá ti sùn nínú formalin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà), formalin á ti so àwọn púrótéènì rẹ̀ mọ́ra, ojú ibi tí áńtíbọ́dì fẹ́ dì mú á sì bò. Pepsin, énsáìmù tó ń gé púrótéènì, la fi ń ṣí i. Ibi tí okùn mẹ́ta collagen ti lọ́ mọ́ra máa ń dúró lójú pepsin, ìdí nìyẹn tó fi bá a mu.

Gé e ní 4 µm sórí síláìdì oní-charge (èyí tó ní iná tó ń di ègé mú), torí pepsin máa ń ṣí ègé kúrò lórí síláìdì lásán. Sá a ní 60°C fún wákàtí kan. Fi xylene yọ ìda tí a fi mú ẹran náà le kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí o mú un gba inú ethanol 100%, 95% àti 70% dé inú omi. Hydrogen peroxide 3%, ìṣẹ́jú 10, ló ń pa peroxidase (énsáìmù tó lè mú àwọ̀ búráùn jáde láìnídìí) tó ti wà nínú ẹran náà tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku pepsin, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Po mílígíráàmù 40 mọ́ mílílítà 10 HCl 0.01 N lọ́jọ́ tí o máa lò ó gan-an, kí ó ti gbóná dé 37°C kí o tó dà á lé ègé. Má gbára lé ìṣẹ́jú tí ẹlòmíì lò: mú síláìdì mẹ́rin, fún wọn ní ìṣẹ́jú 5, 10, 15 àti 20. Bí ìlà búráùn tí wàá rí níkẹyìn bá ṣì rẹ̀, tó ń já, kò tíì tó. Bí etí ègé bá ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí núkílíọ́ọ̀sì kò gba hematoxylin (àwọ̀ búlúù tí a fi ń kun núkílíọ́ọ̀sì) mọ́, ó ti pọ̀ jù. Ẹran tó pẹ́ nínú formalin máa ń fẹ́ kí pepsin pẹ́ sí i.

Fi PBS (omi iyọ̀ oní-phosphate) ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Da síírọ́ọ̀mù ewúrẹ́ 10% lé e fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bó bá jẹ́ pé ara ewúrẹ́ ni áńtíbọ́dì kejì ti wá. Áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ ló ń di collagen mú, èkejì á wá di àkọ́kọ́ mú. Áńtíbọ́dì ehoro ni kí o fi ṣe àkọ́kọ́. Bí kíndìnrín náà bá jẹ́ ti eku, má lo ti eku, torí áńtíbọ́dì kejì á tún lọ di IgG (irú áńtíbọ́dì kan) tara ẹran náà mú. Bẹ̀rẹ̀ láti 1:200, ìyẹn 1 µl nínú 199 µl. Tọ́jú rẹ̀ mọ́jú ní 4°C nínú àpótí tí o tẹ́ bébà tí omi rin sí. Bí ègé bá gbẹ, etí rẹ̀ á ṣú láìnídìí.

Áńtíbọ́dì kejì oní-HRP (peroxidase tí a so mọ́ ọn) gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò gbọdọ̀ sí sodium azide nínú ohun tí o fi là á, torí azide ń pa HRP. Ojú máíkírósíkópù ni kí o ti da DAB, èyí tí HRP ń sọ di búráùn, sí i: ìlà búráùn tẹ́ẹ́rẹ́ á yí túúbù kọ̀ọ̀kan ká. Síláìdì kan tí kò gba áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mọ́ funfun, àfi àwọ̀ hematoxylin.

Bí áńtíbọ́dì yìí kan náà bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú western blot (ọ̀nà tí a fi ń wá púrótéènì tí a ti yọ kúrò nínú ẹran, tí a sì tò sórí awọ), má tíì sọ ọ́ nù. Síse pẹ̀lú mercaptoethanol, kẹ́míkà tó ń já ìdè inú púrótéènì, ti tú okùn náà, ó sì lè jẹ́ pé okùn tó ṣì lọ́ mọ́ra nìkan ló mọ̀.