Ìwé alàwòrán nípa lẹ́tà: bí mo ṣe fi ọwọ́ ara mi ṣe é

Ìwé òkèèrè ni ìwé lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ kà fún Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ mi. Bàbá kan gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń fi lẹ́tà bọ ẹnu ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Lọ́jọ́ kejì, mo bá ọmọ ọdún márùn-ún yìí níwájú ilé wa ní Ìjẹmọ̀, Abẹ́òkúta. Ó ní òun ń retí bàbá onílẹ́tà. Ibẹ̀ ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ó dùn mí gan-an. Nínú àpótí onínọ́ńbà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tiwa ń gúnlẹ̀ sí, kọ́kọ́rọ́ la sì fi ń ṣí i. Mo bá jókòó, mo ṣe ìwé míì fún un.

Ẹ tẹ pépà A4 mẹ́rin sí méjì, ẹ ki wọ́n bọ inú ara wọn. Ojú ewé 16 nìyẹn. Páálí ni mo fi ṣe èèpo, mo wá lẹ àjákù àdìrẹ láti Ìtòkú mọ́ ọn. Láfún tí mo rò lórí iná títí tó fi ki ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ má tọrọ èyí tí àwọn aládìrẹ fi ń ya iṣẹ́ sára aṣọ o. Wọ́n máa ń po kẹ́míkà mọ́ ọn, kò yẹ kó kan ọwọ́ ọmọdé.

Ẹ ya àwòrán tán kí ẹ tó rán an. Ẹ lu ihò mẹ́ta sójú ìtẹ̀. Ẹ ti inú gba ihò àárín jáde, ẹ gba ti òkè wọlé, ẹ fo àárín, ẹ gba ti ìsàlẹ̀ jáde, kí ẹ tún gba àárín wọlé. Ẹ wá so etí òwú méjèèjì lé èyí tó nà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Àwòrán gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ má kàn ya ilé ìfìwéránṣẹ́ kalẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ tẹ̀ lé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Yẹ́lò ni mo kun tiwa ní gbogbo ojú ewé, kí ọmọ lè máa wá a rí, pàápàá nínú àpò ńlá tí lẹ́tà pọ̀ sí. Àbẹ̀kẹ́ ń kọ ọ́ sí ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó lẹ sítáǹpù sí igun òkè lápá ọ̀tún. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Sàpọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹ dúró pẹ́ níbí yìí: òǹtẹ̀ ló ń sọ ìlú àti ọjọ́ tí lẹ́tà gbéra, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sítáǹpù kan náà lò. Ọ̀dùnkún tí mo gé sí méjì la fi ṣe tiwa. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún ìlú tí lẹ́tà ń lọ mọ́ àdírẹ́sì rẹ̀: 200 ló bẹ̀rẹ̀ ti Ìbàdàn, 110 ló bẹ̀rẹ̀ tiwa. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀, lẹ́yìn ọkọ̀ ni àpótí, kọ́kọ́rọ́, àti màmá tó ń wá awò ojú rẹ̀.

Àrokò ni mo fi ṣáájú gbogbo rẹ̀: owó ẹyọ mẹ́fà lórí okùn. Ẹfà, ìyẹn ni pé ọkàn mi fà sí ọ. Àbẹ̀kẹ́ kà wọ́n tán, ó ní, “Ìyá àgbà, lẹ́tà tí kò ní bírò nìyí!”

Gbólóhùn kan péré lójú ewé kọ̀ọ̀kan tó, lédè Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ní 1859 la wà, ọmọ ibẹ̀ yẹ lẹ́ni tó ń ka èdè rẹ̀. Bí ẹ bá ń kà á, kí ẹ tó ṣí ewé, ẹ bi í pé, “Ibo ló kàn?” Kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ẹ má ya nǹkankan síbẹ̀. Ẹ lẹ àpò ìwé tó ṣófo mọ́ ọn, kí ẹ sì mú ọmọ lọ fi lẹ́tà gidi ránṣẹ́, kí èsì lè wọ inú rẹ̀. Tiwa ṣì ṣófo. Màmá Ìbàdàn ti tẹ̀ wá láago, wọ́n ní àwọn ti kọ ọ́ tán, sítáǹpù ló kù.