Bí A Ṣe Ń Fara Da Ìdádúró Bàálù Títí Dé Ìjẹ̀bú

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, kì í sì í dúró de ẹni tí bàálù dá dúró. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ méjì, ó kéré tán, wà láàárín ìgbà tí ẹ máa balẹ̀ sí Ìkẹjà àti ìgbà tí régbéregbé yín (ẹgbẹ́ ojúgbà yín) máa jáde.

Tó bá jẹ́ bàálù méjì lẹ máa wọ̀, ẹ ra méjèèjì pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Àwọn tó ń rà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí owó tó dín díẹ̀ ló ń kábàámọ̀ jù, torí bí ti àkọ́kọ́ bá pẹ́, ilé-iṣẹ́ kejì ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Wákàtí mẹ́ta ni kó wà láàárín bàálù méjèèjì. Bí wọ́n bá fi wákàtí kan àtààbọ̀ lọ̀ yín, ẹ má gbà.

Aṣọ ẹgbẹ́, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, oògùn àti yẹ́lò káàdì (ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára), inú báàgì ọwọ́ ni gbogbo wọn ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni páwà báńkì, wọn kì í gbà á nínú ẹrù abẹ́ bàálù; èyí tí ìwọ̀n agbára iná rẹ̀ kò bá ju 100 Wh lọ ni kí ẹ mú. Ẹ di gaàrí Ìjẹ̀bú ife méjì sínú ọ̀rá, pẹ̀lú ẹ̀pà, ṣúgà àti ṣíbí oníke. Òfìfo ni kí ike omi wà títí ẹ ó fi kọjá ibi àyẹ̀wò, kí ẹ tó pọnmi sí i. Oúnjẹ pápákọ̀ wọ́n, gaàrí tó kan dáadáa á sì gbé yín dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe é tì nìyí: ìgbà tí bàálù àkọ́kọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ti kejì fi gbéra lọ. Gbogbo èrò á sáré síwájú káńtà tí òṣìṣẹ́ méjì péré wà. Ẹ tò, ẹ má kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe wà lórí ìlà, ẹ máa pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù, kí ẹ sì máa yẹ áàpù wọn wò. Àyè tó ṣẹ́ kù nínú bàálù ọ̀la kì í pọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ló ń rí i. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, kí ẹnì kan tò, kí ẹnì kejì máa pè.

Ẹ má pariwo mọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ kí i, kí ẹ bèèrè nǹkan mẹ́rin: bàálù wo ni mo máa wọ̀, ibo ni ẹrù mi wà, ibo ni mo ti máa jẹun kí n sì sùn, kí ló fa ìdádúró? Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn ìkẹrin sílẹ̀, torí òun ni owó yín so mọ́. Bí ẹ bá gbéra láti Yúróòpù wá sí Èkó, tó jẹ́ ẹ̀bi ilé-iṣẹ́ ni ẹ fi pẹ́ dé ní wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, €600 ni ẹ lè gbà. Láti Lọ́ńdọ̀nù, £520. Bó bá jẹ́ eruku ọyẹ́ ló bo ojú ọ̀run, kò sí owó yẹn, àmọ́ oúnjẹ àti ilé ìtura ṣì tọ́ sí yín.

Kí ẹ tó jáde lọ sí ilé ìtura, ẹ bèèrè bóyá ẹ nílò físà. Ẹ má sì fi ìbínú ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn: ẹni tó bá fo apá kan ìrìnàjò láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n lè fagi lé ìyókù, títí kan ti ìpadà.

Bí ẹrù ò bá jáde n'Ìkẹjà, ẹ fi ẹjọ́ sùn, kí ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nínú gbọ̀ngàn.

Ẹ fún awakọ̀ yín ní nọ́ńbà bàálù kó lè máa tọpa rẹ̀. Bí ẹ bá balẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ sùn n'Ìkẹjà. Àárẹ̀ àti òru kì í ṣe ohun tí à ń gbé sójú ọ̀nà Ṣágámù. Aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀ ni kí ọkọ̀ gbéra.