Bí ẹ ṣe lè fi tọ́ọ̀ṣì àti bésìnnì ṣe ilé iná etí òkun fáwọn ọmọ

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Kàbà, Ìsánlú, Mọpà àti Ẹ̀gbẹ̀ ni ò tíì fojú kan òkun rí, àmọ́ ẹ lè fi hàn wọ́n nínú ọgbà bí ilé iná, ìyẹn ilé gogoro tó ń tanná fún ọkọ̀ òkun lóru lẹ́nu èbúté, ṣe ń ṣiṣẹ́. Boston Light, ilé iná ẹnu èbúté Boston, ni kẹ́ ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, 1716 ni wọ́n tan án, àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ọ ní 1776 bí wọ́n ṣe ń kúrò níbẹ̀, wọ́n tún un kọ́ ní 1783. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló máa ń bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá.

Ẹ dúró dìgbà tí nẹ́pà bá gbé iná lọ tí òṣùpá ò sì sí (ìyẹn ò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa). Ẹ pọn omi kún bésìnnì dẹ́nu, ẹ gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ wá gbé abọ́ ike kékeré lé omi yẹn kó léfòó. Ẹ fi rọ́bà so tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ sórí ẹnu abọ́ náà, àárín gan-an ni o, tó bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan abọ́ á dojú dé. Ẹ ká páálí mọ́ orí tọ́ọ̀ṣì kí ìmọ́lẹ̀ má fọ́n káàkiri.

Kí ọmọ kan máa rọra yí abọ́ náà, kí àwọn tó kù lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí wọ́n fi fóònù ka sẹ́kọ́ńdì. Tọ́ọ̀ṣì ò kú rárá, àmọ́ lójú àwọn tó wà lọ́hùn-ún ńṣe ló ń tàn tó ń kú. Ẹ yí i títí yíyí kan á fi gba sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá, Boston nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá so tọ́ọ̀ṣì méjì kẹ̀yìn síra, yíyí kan á gba ogún sẹ́kọ́ńdì kó tó jọ ọ́. Iye sẹ́kọ́ńdì yìí làwọn awakọ̀ òkun fi ń dá ilé iná kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn lóru.

Ẹ má rò pé eré ọmọdé lásán lomi yẹn o, ọ̀pọ̀ ilé iná ńlá láyé àtijọ́, orí mẹ́kúrì (irin tó ń ṣàn bí omi) ni gíláàsì wọn tó wúwo ń léfòó lé kó lè yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mẹ́kúrì májèlé ni ṣá, omi kànga ti tó tiyín.

Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ náà gbọọrọ nínú eruku, àmọ́ kò ní lọ jìnnà. Irú ẹ̀ ni kùrukùru ń ṣe lójú òkun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìbọn àgbá kan lọ sí Boston Light ní 1719, tójú ò bá ríran wọ́n á yìn ín kí ọkọ̀ lè gbọ́.