Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Ń Mú Ẹ́ńjìnnì Gbóná Lẹ́yìn Tí Ẹ Ti Tún Top Cylinder Rẹ̀ Ṣe Nílé

Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú top cylinder (irin tó bo orí àwọn sílíńdà tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì), tó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi àti èéfín jò, tó dì í padà, tó sì rí i pé abẹ́rẹ́ géèjì ooru ṣì ń gòkè, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kí òun tún un tú. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fọwọ́ kan sípánà. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ bá tú kò ṣeé lò mọ́, bóòtù inú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kò sì ṣeé dì lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ó sì lè jẹ́ pé ohun tó ń mú un gbóná kò sí lábẹ́ top cylinder rárá: ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ̀nà omi, tàbí wáyà kan tí ẹ tú nígbà iṣẹ́ tí ẹ sì gbàgbé láti so padà. Ní báyìí ná, ẹ má wa ọkọ̀ náà lọ síbì kankan, nítorí pé top cylinder alumíníọ̀mù tètè máa ń tẹ̀ bí ó bá gbóná kọjá ààlà, ẹ̀ẹ̀kan péré sì tó láti ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìgbà tí ooru náà ń dé. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan ni ó ń gbóná, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ nígbà tí ó bá ń sáré, fáànù ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá jẹ́ pé eré ló ń mú un gbóná, ó ṣeé ṣe kí rédíétọ̀ ti dí, tàbí kí omi má máa yípo bó ṣe yẹ. Bí kò bá ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ẹ tan án tí omi ti ń hó jáde, nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: afẹ́fẹ́ tó há, thermostat (ìlẹ̀kùn kékeré tí ooru ń ṣí kí omi lè lọ sínú rédíétọ̀) tí kò ṣí, tàbí èéfín inú sílíńdà tó ń wọ inú omi.

Afẹ́fẹ́ ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí top cylinder tí a tú tí omi kò ní dà nù. Nígbà tí ẹ bá ń da omi padà, afẹ́fẹ́ yóò sá lọ sí ibi tó ga jù, ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ àyíká top cylinder fúnra rẹ̀, níbi tí iná ti gbóná jù. Àmì rẹ̀ ni pé hítà inú ọkọ̀ yóò máa fẹ́ atẹ́gùn tútù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, abẹ́rẹ́ géèjì yóò sì máa fò sókè fò sílẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè kí ẹnu rédíétọ̀ lè ga ju gbogbo ibòmíràn lọ, kí ẹ sì fi igi tàbí òkúta dí àwọn táyà ẹ̀yìn. Ẹ yí hítà sí ibi tó gbóná jù, ẹ ṣí bóòtù tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ bí ọkọ̀ yín bá ní in, kí ẹ rọra máa da omi àti kúláǹtì (èròjà tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀) sínú rẹ̀ bí ẹ ti ń fún họ́ọ̀sì rédíétọ̀, títí omi yóò fi máa jáde níbẹ̀ láìsí èéhó, kí ẹ tó dì í. Ẹ wọn iye tí ẹ dà. Bí ìwé ọkọ̀ bá sọ pé lítà 6 ni ó ń gbà, tí ẹ ti tú gbogbo rẹ̀ dànù, tí 4 péré sì wọlé, ẹ mọ̀ pé lítà 2 afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ẹnu rédíétọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí láti ìgbà tó ti tutù, kí ẹ sì máa fi omi kún un títí thermostat yóò fi ṣí. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè, ẹ pa á. Ẹ má ṣe ṣí ìdérí náà láé nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná: omi tí agbára ìdérí ń tì mọ́lẹ̀ máa ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì máa ń bó ojú àti ọwọ́.

Èéhó tó ń jáde lẹ́nu rédíétọ̀ lásìkò yìí ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ti afẹ́fẹ́ tó há máa ń tóbi, a máa dín kù, a sì máa tán. Ti èéfín sílíńdà kì í tán: wẹ́wẹ́ ni, ó ń tò tẹ̀lé ara wọn, bí ẹ bá sì tẹ iná ó máa ń pọ̀ sí i. Ẹ tún wò ó báyìí. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan ọkọ̀ rárá, ẹ ti ìdérí pa, kí ẹ sì di họ́ọ̀sì òkè mú, kí ẹ mọ bó ṣe rọ̀ tó. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ọwọ́ yín jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì, kí ẹ tún dì í mú lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Bí họ́ọ̀sì náà bá ti le gan-an bíi táyà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, síbẹ̀ tí ó ṣì tutù lábẹ́ ìka yín, kì í ṣe ooru ló mú un le. Iná inú sílíńdà ló ń rí ọ̀nà wọ inú omi.

Omi ìdánwò aláwọ̀ búlúù tí a ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀ yóò jẹ́rìí sí i, torí pé ó máa ń di yẹ́lò bí carbon dioxide láti inú sílíńdà ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù bá kàn án. Ẹ tún yọ àwọn pulọ́ọ̀gì tó ń ta iná sínú sílíńdà wò: èyí tó mọ́ nini bíi pé a fọ̀ ọ́, nígbà tí àwọn yòókù ní àwọ̀ ilẹ̀, inú sílíńdà tirẹ̀ ni omi ń wọ̀.

Bí kò bá sí èéfín nínú omi, ẹ kọjú sí àwọn nǹkan ìta. Mo ti fi odindi ọjọ́ kan wá ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì kan gbóná lẹ́yìn tí mo dì í tán, kí n tó rí i pé orí wáyà fáànù wà lẹ́yìn bátìrì, níbi tí èmi fúnra mi tì í sí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń so bébà funfun mọ́ gbogbo wáyà tí mo bá tú. Bí fáànù yín bá jẹ́ ti iná mànàmáná, ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ kí ẹ wò ó bóyá yóò yí. Bí họ́ọ̀sì òkè bá gbóná tí ti ìsàlẹ̀ sì tutù, yálà thermostat kò ṣí tàbí rédíétọ̀ ti dí. Ẹ yọ thermostat náà, kí ẹ so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi lórí iná, kó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ẹ fi òǹwọ̀n ooru wò ó: ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 82 sí 95 ní ìwọ̀n Celsius, a sì sábà máa ń tẹ nọ́ńbà náà sí i lára. Bẹ́líìtì tí a gbé gba ọ̀nà òdì lè máa yí pọ́ńpù omi sẹ́yìn, èyí sì ṣòro láti fura sí.

Bí ẹ̀rí bá ti fi hàn pé èéfín ń wọ inú omi, ìgbà yẹn ni kí ẹ tú u, kí ẹ sì bi ara yín ní òtítọ́ ohun tí ẹ fò nígbà iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ǹjẹ́ ẹ fi rúlà irin gígùn wo ojú top cylinder àti ojú búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì tí top cylinder jókòó lé? Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, ààlà ìtẹ̀ tí ìwé gbà kò ju mílímítà 0.05 sí 0.1 lọ, ojú lásán kò sì lè rí i. Ǹjẹ́ ẹ nu omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò bóòtù? Èyí tó bá kù sínú ihò máa ń ti bóòtù sókè, sípánà yóò sọ pé ó ti le tó, gásíkẹ́ẹ̀tì kò sì tíì fún. Ǹjẹ́ ẹ dì wọ́n láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele-ìpele bí ìwé ṣe là á sílẹ̀? Ẹ gbé gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé ojú búlọ́ọ̀kù, kí ẹ wò ó bóyá ihò omi bá ihò omi mu, nítorí pé èyí tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ lè dí ọ̀nà omi. Bí gbogbo èyí bá dára, ẹ gbé top cylinder náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú omi gbígbóná, torí ó ṣeé ṣe kó ti sán láàárín ẹnu fáàfù, níbi tí ooru nìkan ti ń la ojú ìsán náà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dì í padà, ẹ sàmì sí ibi tí omi dé nígbà tó tutù, ẹ wà á lọ sí ibi tí kò jìnnà, kí ẹ tún yẹ àmì náà wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣí ìdérí.