Bí mo ṣe to RIP sórí ráútà mẹ́ta, àti ibi tó ti há

Ráútà mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń darí ìsọfúnni láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí òmíràn, ni mo tò sórí tábìlì, mo fi wáyà so R1 mọ́ R2, mo so R2 mọ́ R3. Àdírẹ́sì 10.0.12.0/30 wà láàárín R1 àti R2, 10.0.23.0/30 wà láàárín R2 àti R3. Kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn R1 ń lo 172.16.1.0/24, ti ẹ̀yìn R3 ń lo 172.16.2.0/24, R2 náà sì ní 192.168.5.0/24 tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kí kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn R1 máa bá ti ẹ̀yìn R3 sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ̀nà kankan sínú ráútà.

RIP ni mo yàn, ìlànà tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ fún ara wọn. Ó ti pẹ́ lóòótọ́: ọdún 1988 ni wọ́n kọ ìlànà rẹ̀ sínú RFC 1058, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, RFC 2453 ti ọdún 1998 sì ni ti ẹ̀dà kejì. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí ráútà ṣe ń mọ ọ̀nà. Ráútà tó ń lo RIP kò mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe rí látòkè délẹ̀. Ohun tí aládùúgbò rẹ̀ bá sọ ló gbà gbọ́, òun náà á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn, pẹ̀lú iye ráútà tí wọ́n máa kọjá kí wọ́n tó débẹ̀. Gbọ́yìísọ̀yí gan-an ni. Ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30 ló ń tún un sọ, lórí ẹnu ọ̀nà (port) 520 ti UDP, ọ̀nà ìfìsọfúnniránṣẹ́ kan. Bí iye náà bá ti di 16, ó túmọ̀ sí pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀ mọ́.

Títò rẹ̀ kò gba àkókò. Lórí R1, mo tẹ router rip, version 2, network 10.0.0.0, lẹ́yìn náà network 172.16.0.0. Tí ẹ bá tẹ network 172.16.1.0, IOS, ètò tó ń darí ráútà Cisco, á yí i padà sí 172.16.0.0 fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Mo tẹ passive-interface fún ẹ̀gbẹ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà wà, kí RIP má ránṣẹ́ síbẹ̀, torí pé kò sí ráútà kankan lọ́hùn-ún tó máa gbọ́ ìròyìn náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ yí ká.

Àṣìṣe àkọ́kọ́, èmi ni mo fà á. R3 ti rí 192.168.5.0/24, àmọ́ R2 kò rí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ R3. Mo tẹ debug ip rip, tó ń fi ìròyìn RIP hàn bó ṣe ń wọlé, lórí R2, mo dúró díẹ̀, ìlà kan sì jáde: ignored v1 packet from 10.0.23.2 (illegal version). Mo ti gbàgbé version 2 lórí R3. Ráútà tí wọn ò sọ ẹ̀dà fún máa ń gbọ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kìíní nìkan ló ń sọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ, tí kò bọ̀. Mo tẹ ẹ́, ó tán.

Èkejì ló gba ọ̀sán mi. Gbogbo ráútà ti ń rí 192.168.5.0/24, ojú ìsopọ̀ gbogbo wà ní up/up, ìyẹn ni pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn R1 kò dé ti ẹ̀yìn R3. Mo tú wáyà, mo tún un so. Mo yẹ àdírẹ́sì wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá ni mo jókòó ti R2, mo fi ping dán 172.16.1.1 tó wà lẹ́yìn R1 wò bóyá ó máa dáhùn, ohun tó sì fún mi nìyí: !U!.! Mẹ́ta dé, méjì kò dé. Wáyà tó bá já kì í ṣe báyìí.

Mo tẹ show ip route, tó ń fi ọ̀nà tí ráútà mọ̀ hàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo, 172.16.0.0/16, ẹnu méjì: ọ̀kan gba 10.0.12.1, èkejì gba 10.0.23.2, [120/1] ni méjèèjì: 120 ni ìwọ̀n ìgbẹ́kẹ̀lé tí Cisco fún RIP, 1 ni iye ráútà tó wà lọ́nà. Ó wá yé mi. RIP máa ń ká àdírẹ́sì kéékèèké pọ̀ di ńlá nígbà tó bá ń kọjá sínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá mìíràn, bíi láti 172.16.0.0 sínú 10.0.0.0. R1 kò dárúkọ 172.16.1.0/24 fún R2, odindi 172.16.0.0/16, tí 172.16.1.0 àti 172.16.2.0 jọ wà nínú rẹ̀, ló pè. R3 náà pe ohun kan náà. R2 gba àwọn méjèèjì gbọ́, ó ń pín pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé ìsọfúnni, fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ R1 dé. Èyí tó lọ sọ́dọ̀ R3, R3 dá a lóhùn pé òun ò mọ ibẹ̀: U nìyẹn. Àmì ìdánudúró (.) yẹn náà, ìdáhùn R3 ni kò wá, torí IOS kì í fi irú èsì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ ju ẹyọ kan lọ láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá.

Mo tẹ no auto-summary lórí R1 àti R3, kí wọ́n má ká àdírẹ́sì pọ̀ mọ́. Ọ̀nà àtijọ́ kò kúrò lójú ẹsẹ̀, R2 kọ possibly down (bóyá ó ti kú) sí i lára. Ìṣẹ́jú àáyá 240 ló máa ń gbà kó tó pa á rẹ́ pátápátá. Mi ò ní sùúrù ìyẹn, mo tẹ clear ip route *. Lẹ́yìn náà, R1 fi 172.16.2.0/24 hàn nínú àwọn ọ̀nà rẹ̀, [120/2] via 10.0.12.2. Kọ̀ǹpútà méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ara wọn.

Kí n tó dìde, mo yọ wáyà ẹ̀yìn R3, mo ń wo debug lórí R2. R3 kò dúró de ìṣẹ́jú àáyá 30 rẹ̀. Kíá ló ránṣẹ́: 172.16.2.0/24, in 16 hops (inaccessible). Mo dá wáyà padà, mo tẹ undebug all, mo sì tọ́jú iṣẹ́ náà pẹ̀lú copy running-config startup-config lórí ráútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.