Kọ́ńbò olówó pọ́ọ́kú: àwọn àṣìṣe tó ń bà á lórúkọ jẹ́ lọ́wọ́ àwa onígìtá Àbújá

Ẹ dárúkọ kọ́ńbò kékeré oní-tiransísítọ̀ (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, tí òun àti sípíkà rẹ̀ jọ wà nínú àpótí kan; tiransísítọ̀ ni ẹ̀yà kékeré inú rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà) láàárín àwọn tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Mararaba. Wọ́n á ní ohùn rẹ̀ ń gún etí, wọ́n á ní kò ní ara. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń di gbogbo ẹ̀bi ru tiransísítọ̀, bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi tó bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ ta kọ́ńbò ní owó táṣẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ dín nǹkan kù. Sípíkà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dín kù: oní-ínṣì 6 tàbí 8 ni wọ́n á fi sí i, nínú àpótí pákó tín-ín-rín tí ohùn ìsàlẹ̀ kò lè ti inú rẹ̀ jáde dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi dístọ́ọ̀ṣọ̀n (ohùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dà rú kó lè le) tó le koko kún un, torí òun ló máa ń fa ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá mọ́ra. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí tíúbù (gílóòbù onígíláàsì tí àwọn kọ́ńbò míì ń lò dípò tiransísítọ̀) bá fẹ́ dé òpin agbára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń tẹ orí ìgbì ohùn. Ti tiransísítọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń gé e lójijì, ohùn náà á wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

Nítorí náà, ẹ má fi iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe dá a lẹ́jọ́. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Roland gbé kọ́ńbò JC-120 jáde. Kò sí tíúbù kankan nínú rẹ̀. Wáàtì 120 ni, pẹ̀lú sípíkà oní-ínṣì 12 méjì, ohùn rẹ̀ tó mọ́ gaara ló sì sọ ọ́ di olókìkí. B.B. King, onígìtá blues ọmọ Amẹ́ríkà, náà lo kọ́ńbò Lab Series L5, tiransísítọ̀ lòun náà. Ẹ tún fetí sí gìtá King Sunny Adé, ẹ ó gbọ́ bí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe ń dá sọ̀rọ̀. Ohùn mímọ́ ni gìtá jùjú, ti háíláìfù àti èyí tó pọ̀ jù nínú orin ìyìn ń fẹ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọmọ tó ń ta irú orin yìí tó ń ṣépè fún kọ́ńbò rẹ̀ nítorí dístọ́ọ̀ṣọ̀n tí orin rẹ̀ kò nílò. Ẹ yí gain, bọ́tìnnì tó ń mú dístọ́ọ̀ṣọ̀n wá, sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó gbóná díẹ̀, ẹ fi pẹ́dà (àpótí kékeré tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn padà) síwájú rẹ̀.

Ẹ má tún dán kọ́ńbò wò ní òun nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù ní Wuse, kẹ́ ẹ yí bass (ohùn ìsàlẹ̀) àti treble (ohùn òkè) dé òpin, kẹ́ ẹ yí middle (ohùn àárín) sí òdo, kẹ́ ẹ wá sanwó. Á dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí dírọ́ọ̀mù, béèsì, kíbọ́ọ̀dù àti gángan bá wọlé lọ́jọ́ Àìkú, gìtá yín á pòórá, torí àárín yẹn tí ẹ yọ kúrò ni ilé rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ gìtá rẹ̀ á wá yí volume dé 10, tiransísítọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn, wọ́n á ní kọ́ńbò náà kò dáa. Ẹ gbé middle sókè, ẹ dín bass kù, ẹ gbé maikirofóònù síwájú sípíkà, kí míksà ṣe ìyókù. Ẹ má rò pé wáàtì ló máa gbà yín: tí ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 3 péré lẹ máa rí. Ẹ má sì gba PMPO (wáàtì àbùmọ́ fún ìpolówó) tí wọ́n kọ sára páálí gbọ́, RMS (wáàtì tó lè máa gbé jáde láìdúró) ni kẹ́ ẹ béèrè.

Èyí tó ń pa kọ́ńbò jù lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni gìtá béèsì. Tí kọ́ńbò béèsì bá ti bàjẹ́, wọ́n á ki béèsì bọ inú ti gìtá, nígbà míì wọ́n á fi kíbọ́ọ̀dù kún un. Okùn tó nípọn jù lára gìtá ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti béèsì jẹ́ nǹkan bí 41. Kí sípíkà kékeré tó lè gbé ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ máa sún jáde kọjá ibi tí wọ́n ṣe é dé. Kòílì inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin, bébà rẹ̀ á ya. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, gìtá gan-an kò ní dùn nínú rẹ̀ mọ́ títí tí wọ́n á fi pààrọ̀ sípíkà.

Tí ẹ bá fẹ́ so sípíkà míì mọ́ kọ́ńbò, ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ní 8 ohm (òṣùwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná) ló kéré jù, ẹ má fi 4 sí i, torí iná tó máa gba inú tiransísítọ̀ á pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ó lè jó.

Ọ̀pọ̀ kọ́ńbò tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, iná fólítì 120 ni wọ́n ṣe é fún, bẹ́ẹ̀ 230 ni tiwa. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó so ó mọ́ iná, kẹ́ ẹ sì ra step-down (ẹ̀rọ tó ń dín fólítì kù) tí wáàtì rẹ̀ ju ti kọ́ńbò lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bò ó, torí eruku máa ń wọ inú àwọn bọ́tìnnì tí à ń yí, á sì máa dún kẹrẹkẹrẹ tí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má tìtorí ìyẹn gbé e jù nù. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ fín contact cleaner (oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀yà iná) sí ìdí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ yí i lọ yí i bọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó tàn án.