Ọkàn Wúwo, Ẹ Gbé Ẹsẹ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Eré Ìdárayá Tọ́jú Inú Tó Bàjẹ́

Lọ́dún tí ìyá mi papò dà, oorun máa ń dá lójú mi láago mẹ́ta òru, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ńṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé mi láyà. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé kí n ṣe ọkàn gírí. Mo fẹ́ ṣe é, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí: "Mà, ìgbà wo lẹ rìn kẹ́yìn títí ẹ fi làágùn?" Mo ronú títí, n kò rántí.

Ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà ni mo fẹ́ tò síbí lẹ́sẹẹsẹ, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo kì í ní agbára láti máa wá ọ̀nà kiri. Irú ìrìn tó ń mú ara làágùn bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá pè ní ìdárayá, ohun tó ń dá ara yá. Bí ẹnìkan bá sì ní "ara mi ò yá", ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ ìbànújẹ́. Èdè wa ti so méjèèjì pọ̀ tipẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Bí ẹ bá ń rìn kánmọ́kánmọ́, ẹ̀jẹ̀ a máa yára lọ sí ọpọlọ, ara a sì máa tú àwọn èròjà kan jáde tó ń pẹ̀rọ̀ sí ìrora, tó sì ń mú ara fúyẹ́. Endorphin lorúkọ rẹ̀ hàn jù nínú wọn. Ti ojú ẹsẹ̀ nìyẹn. Èyí tó jinlẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀: ọpọlọ á máa pèsè èròjà BDNF sí i, tí a lè pè ní ajílẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà tí Kirk Erickson ṣáájú wọn gbé èsì iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àgbàlagbà 120. Àwọn tó ń rìn fún ìṣẹ́jú 40 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọdún kan gbáko, apá ọpọlọ wọn tó ń ṣe ìrántí fi ìdá 2 nínú 100 tóbi sí i. Apá yìí kan náà ló sábà máa ń súnkì lára ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti bá pẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n rìn o.

Ẹ ra ìwé kékeré kan

Kí ẹ tó wọ bàtà, ẹ kọ déètì, kí ẹ sì fún inú yín ní máàkì láti 0 dé 10. 0 ni ọjọ́ tí ẹ ò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni, 10 ni ọjọ́ tí ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu yín láìnídìí. Bí ẹ bá dé, tí ẹ ti mu omi, tí ẹ ti jókòó díẹ̀, ẹ tún fún un ní máàkì. Olùkọ́ ni mí, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rọ̀ mí lọ́rùn, àmọ́ ìdí tó fi ṣe pàtàkì ni pé ọkàn tó wúwo kì í rántí ire. Á ní àná ò dára, ìjẹta ò dára, nǹkan kan ò sì lè dára mọ́ láé. Ìwé yẹn lá máa jẹ́rìí takò ó: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 kí n tó lọ, 5 nígbà tí mo dé."

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, àrùn ọkàn tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tàbí ẹ lóyún, ẹ rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ná. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn ò ní ní kí ẹ má rìn. Ibi tí ẹ máa mọ ni wọ́n á fi hàn yín.

Ẹ má dúró de ìfẹ́ inú

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn. Ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ máa ń sọ pé, "Bí ara mi bá yá díẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀." Ara ò ní dédé yá. Ìfẹ́ àtiṣe nǹkan gan-an wà lára ohun tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń kọ́kọ́ jí gbé. Nítorí náà, ẹ so ìrìn yín mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́, inú ì báà dùn, kó má dùn. Ẹni tó ń kí ìrun Àsùbáà lè so ó mọ́ ìgbà tó bá sálámà tán. Ẹni tó ń ṣe àdúrà àárọ̀ pẹ̀lú ẹbí lè so ó mọ́ "Àmín" ìkẹyìn. Ẹni tó ń mú ọmọ lọ sílé ìwé lè so ó mọ́ ẹnu géètì ilé ìwé. Láti alẹ́ ni kí bàtà ti wà lẹ́nu ọ̀nà, kí aṣọ tí ẹ máa wọ̀ sì ti wà lórí àga. Bí a bá ní kí ọkàn tó wúwo ṣe ìpinnu mẹ́ta ní ìdájí, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa yàn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Márùn-ún àlọ, márùn-ún àbọ̀. Ẹ má fi kún un lọ́sẹ̀ kìíní, kódà bó bá wù yín. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá kọ̀ pátápátá, ẹ wọ bàtà, ẹ rìn dé géètì, ẹ padà wọlé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wà nínú iye. Ọjọ́ méjì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní tèmi ní Bódìjà, mo sì sunkún nígbà tí mo padà wọlé ní ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, mo kọjá géètì.

Bí ẹ ṣe máa fi kún un

Lọ́sẹ̀ kejì, ìṣẹ́jú 15. Lọ́sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, 20. Ẹ rọra máa gùn ún báyìí títí ẹ ó fi dé 30, lọ́jọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú 150 nìyẹn, ìwọ̀n tó kéré jù nínú 150 sí 300 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ fún àgbàlagbà ní 2020. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Ní Norway, wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà 33,908 fún ọdún 11, wọ́n sì ṣírò pé ká ní gbogbo wọn ṣe eré ìdárayá fún wákàtí kan péré lọ́sẹ̀, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá, nǹkan bí 12 ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wákàtí kan lọ́sẹ̀! Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lójúmọ́.

Fún ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú ná, iṣẹ́ tí James Blumenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Duke, tó jáde ní 1999, ló fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù. Ènìyàn 156, ẹni àádọ́ta ọdún sókè, ni wọ́n pín sí mẹ́ta: àwọn kan ń lo oògùn sertraline, àwọn kan ń ṣe ìdárayá, àwọn yòókù ń ṣe méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń mú ara gbóná, wọ́n á rìn kánmọ́ tàbí sáré fún 30, wọ́n á wá fi márùn-ún dẹwọ́, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, ìyàtọ̀ tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó nǹkan. Oògùn ló tètè ṣiṣẹ́, n kò ní fi ìyẹn pa mọ́. Ẹ fún ìrìn yín ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Orin ni ìwọ̀n

Bí ẹ bá ń rìn, tí ẹ sì lè kọ orin látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò tíì yára tó. Bí ẹ bá lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí orin ò ṣeé kọ, ibẹ̀ gan-an là ń wá. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta ò bá ṣeé sọ láìmí hẹlẹ, ẹ dín in kù.

Kí ẹni tí àníyàn ń dà láàmú fara balẹ̀ níbí. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, èémí á yára, òógùn á bò ó, gbogbo rẹ̀ á sì jọ bí ìpayà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀. Àwọn kan ti sá padà sílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí èyí. Ibẹ̀ sì ni àǹfààní tó tóbi jù fún wọn wà. Bí àyà èèyàn bá ti lù kìkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú ọ̀nà, tí nǹkan kan ò ṣe é, tí àyà náà sì tún balẹ̀ fúnra rẹ̀, ara á kọ́ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí àyà bá ń lù ni ewu dé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, kó máa yára fún ìṣẹ́jú kan, kó dẹwọ́, kó tún yára. Bó bá dẹwọ́, kó fa èémí sínú, kó ka mẹ́rin, kó wá tú u sílẹ̀ títí á fi ka mẹ́fà. (Ìrora tó ń fún àyà pa, tàbí òòyì tó ń gbé èèyàn ṣubú, ti ilé ìwòsàn ni o.)

Ìrìn nìkan kọ́

Bí ìrìn ò bá wù yín, ẹ ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ẹ fi fújì tàbí orin ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ fẹ́ràn sí i, kí ẹ jó orin mẹ́rin láìjókòó. Ẹ fo okùn. Ẹ bá àwọn ọmọ ṣe tẹ́ńtẹ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀ á mú òógùn jáde lára àgbàlagbà. Nígbà òjò, àti nígbà ọyẹ́ tí eruku bo ojú ọ̀run, ti inú ilé ló dára jù. Èmi máa ń gun Òkè Àrẹ̀ ní Sátidé, dé ìdí ilé ìṣọ́ Bower tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Láyípo, kí n dúró wo gbogbo òrùlé páànù ìlú nísàlẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Èmi tí mò ń ru ẹrù lọ́jà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdárayá wo ni mo tún ń wá?" Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ní ti iṣan àti eegun. Àmọ́ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe nítorí kò lè ṣàìṣe é kì í sábà tu ọkàn lára bí eré tí ó fúnra rẹ̀ yàn. Ìnara díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tàbí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ló yẹ alábàárù.

Ẹ wá ẹnìkejì

Ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ń darí ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ìbátan wọn sì wà pẹ̀lú wọn. Ayé wá ń kọ́ ìlànà yẹn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnìkejì tèmi ni aládùúgbò mi tó ń ta búrẹ́dì. Ó máa ń dúró lẹ́nu géètì láago mẹ́fà àárọ̀, á ní, "Tíṣà, mo ti dé o!" Ojú á tì mí láti má jáde. Bí ẹni méjì bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú ò ko ojú, ọ̀rọ̀ tí ò ṣeé sọ ní pálọ̀ á sì ṣeé sọ. Ìgbà míì, a kì í sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ dúró kí ilẹ̀ mọ́ ná, kí ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà fún ẹni tó wà nílé, ẹ má sì fi ẹ̀rọ orin dí etí méjèèjì, nítorí ọ̀kadà.

Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tún máa ń ran oorun alẹ́ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan lẹ ráyè, ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan, ó kéré tán, kí ẹ tó sùn.

Ibi tí ìdárayá nìkan ò lè dé

Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí inú ò dùn rárá, tí oúnjẹ àti oorun ti yí padà, tí nǹkan kan ò wù yín mọ́, ilé ìwòsàn ló kàn. Ìrìn á máa bá ìtọ́jú rìn pọ̀. Aro wà ní Abẹ́òkúta, ti Yábàá wà ní Èkó, UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹ má dá oògùn dúró nítorí pé ara ti ń yá. Ẹni tó kọ ọ́ fún yín ló mọ bí ẹ ṣe máa dín in kù. Bó bá sì ń ṣe yín bíi kí ẹ gba ẹ̀mí ara yín, ẹ má dá wà rárá. Ẹ pe ẹnìkan kó wá jókòó tì yín báyìí, kó sì bá yín lọ sí ilé ìwòsàn lónìí.

Ẹ ó pa ọjọ́ jẹ. Ẹ má san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ kàn ṣe ti ọjọ́ kejì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹjọ bá parí, ẹ ro máàkì ọ̀sẹ̀ kìíní pọ̀, ẹ fi iye ọjọ́ pín in, kí ẹ ṣe bákan náà fún ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Tèmi kúrò ní 3, ó bọ́ sí 5. Oorun mi ti ń dé aago márùn-ún nígbà náà, mo sì ti lè dárúkọ ìyá mi láìwá ibi jókòó sí.